Ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́ ni wọ́n ní kí n wá wò sàn

Olóòtú àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ọkọ̀ kan wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣàgámù tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀ mí pé kí n wá àìsàn tó ń ṣe é jáde... èmi ni mo kó àìsàn náà ràn án. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ibi tó jókòó sí nínú ẹ́ńjìnnì, mo mọ nọ́ńbà sípánà tó ń tú u, mo mọ ọjọ́ tó wọ ibẹ̀. Mi ò sì lè la ẹnu sọ ọ́. Bàbá àgbàlagbà kan ló fẹ́ pàdánù ibi iṣẹ́ ẹ̀ nítorí ohun tí mo ṣe, èmi sì ni bàbá náà gbára lé pé mo máa gbà á sílẹ̀. Ṣé ẹ rí irú ìjàngbọ̀n tí mo wà? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bú mi, torí pé ẹ máa bú mi, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ṣe é.

Ọmọ ogún ọdún ni mí. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá. Mo ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì, JAMB náà ṣe mí lẹ́ẹ̀mejì. Physics tí mo fẹ́ràn jù lọ, F9 ni wọ́n fún mi nínú ẹ̀, àfi bí ẹni pé mo bú bàbá ẹni tó máàkì ẹ̀. Ìyá mi, télọ̀ ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ò lè máa ránṣọ kí èmi máa fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ nínú yàrá bí ọkọ ìyàwó, ni wọ́n bá fà mí lọ bá Ọ̀gá mi tó ń tún ọkọ̀ ṣe lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Nítorí pé mo kàwé ju gbogbo wọn lọ níbẹ̀, wọ́n sọ mí ní Pùròfẹ́sọ̀. Pùròfẹ́sọ̀ wo? Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ibi tí wọ́n ń rọ omi sí nínú ọkọ̀ ni mo rọ ọ́ìlì sí. Àwọn ọmọ tí mo fi ọdún márùn-ún jù lọ ló kọ́ mi pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń fi bóòtù dì sí, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń tú u sí, mo ṣì máa ń gbàgbé títí dòní.

Ọ̀gá mi mọ iṣẹ́, mi ò lè parọ́ mọ́ wọn. Tó bá jẹ́ kábúrétọ̀ ni, wọ́n lè di ojú wọn kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un tò padà, kó má ku ẹyọ bóòtù kan. Ṣùgbọ́n àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọlé báyìí, injection ni púpọ̀ nínú wọn, kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì, wọn ò ní kábúrétọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì irú ẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń wá kábúrétọ̀ kiri bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó já. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ní, “Ọkọ̀ tí ò ní kábúrétọ̀, imú wo ló fi ń mí?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀, àmọ́ mo rí ojú Ọ̀gá, wọn ò bá wa rẹ́rìn-ín.

Irú ọkọ̀ yìí gan-an ni Dókítà gbé wá. Dókítà yìí kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o, ti ìwé ni, olùkọ́ ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ wọn dá sílẹ̀ lọ́nà Ìlíṣàn. Adventist ni wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lọ́dọ̀ wa mọ̀ wọ́n, tí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn ò ní ṣiṣẹ́, wọn ò ní rà, wọn ò ní tà, títí oòrùn á fi wọ̀ ní Sátidé. Ọkọ̀ Dókítà ń tú èéfín dúdú bí ẹni ń dáná igi tútù, ó ń ta jìgìjìgì, tẹ́ ẹ bá dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ báyìí ó kú, tó bá dé òkè ó ń gùn ún bí arúgbó tí orúnkún ń dùn. Ó sì ń mu bẹntiróòlù, lásìkò tí àwa èèyàn ń sùn sórí ìlà nílé epo yìí! Ọ̀gá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n fọ táǹkì, wọ́n fẹ́ páìpù, wọ́n ní omi ló wà nínú epo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Tí Dókítà bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, Ọ̀gá á ní kí n lọ sọ pé àwọn ò sí nílé.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Ọ̀gá rí ìwé kan nínú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ náà, ìwé tó bá ọkọ̀ wá láti ìlú òyìnbó. Wọ́n nà án sí mi níwájú gbogbo ọmọ iṣẹ́, wọ́n ní, “Pùròfẹ́sọ̀, ọjọ́ ẹ rèé. Kà á fún wa.” Mo ṣí i... kì í ṣe English. Èdè òyìnbó mìíràn ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gùn tó ọkọ̀ ojú irin. Ṣé mo sọ pé mi ò lè kà á? Èmi kẹ̀? Mo fa ojú ro, mo ń mi orí, mo ń sọ pé “ẹn-ẹ́n... o ṣeun... mo ti rí i,” mo ń ṣí i lọ, mo ń wá àwòrán. Ọ̀gá ní kí wọ́n má dí mi lọ́wọ́, wọ́n kó àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́yìn, wọ́n gba mọ́ṣáláṣí lọ kírun ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni mo wá rí àwòrán kan lóòótọ́: àpótí kékeré kan láàárín ibi tí ọkọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé àti ẹ́ńjìnnì, wọ́n ya ọfà sí i bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ kọjá. Mo wá rò ó pé àpótí yìí ló máa ń wọn afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà símú, òun ló máa wá sọ fún brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, pé báyìí ni afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, kí brain box lè mọ ìwọ̀n epo tó máa rọ sí i. Tí àpótí bá ń parọ́, brain box á kàn máa da epo sínú ẹ́ńjìnnì bí ọ̀mùtí tó ń da ẹmu sílẹ̀. F9 mi ló ń ṣiṣẹ́ yẹn o! Mo ṣíná sí ọkọ̀, mo fi ìdí sukurudíráfà kan àpótí yẹn kó-kó-kó... ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó fẹ́ kú. Mo kan ibòmíràn, kò sí nǹkan kan. Mo padà kan àpótí, ó tún wúkọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti pa á.

Mo fẹ́ mọ̀ dájú ni o, ìyẹn ni mo ṣe ṣe ohun tí mo ṣe. Ọkọ̀ Alájì kan wà níbẹ̀, oníṣòwò obì ńlá ni Alájì láàárín ìlú. Irú kan náà ni pẹ̀lú ti Dókítà, àwọ̀ ló yàtọ̀. Kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ẹnì kan ló gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí irin ẹ̀ fi ya, ó wà lábẹ́ àtíbàbà tí Bàbá Ràfíù, panel beater wa, pa sábẹ́ igi fúrútù, àwọn ló ń lu ara ọkọ̀ tó bá tẹ̀. Bàbá náà ti lọ kírun. Mo tú àpótí yẹn, airflow ni àwa ń pè é, nínú ọkọ̀ Alájì, mo gbé e sínú ọkọ̀ Dókítà. Kò gbà mí ju kí èèyàn jẹ búrẹ́dì kan tán lọ. Kí ihò má baà wà lásán, mo gbé èyí tí kò dáa sínú ọkọ̀ Alájì, mo ní tí mo bá ti dán an wò tán, màá dá ti oníkálukú padà fún un. Ẹ gbọ́, mo ní màá dá a padà. Ẹ̀mí mi dáa nígbà yẹn.

Ibẹ̀ ni Dókítà já sí, wọ́n ń wo aago, wọ́n ń wo oòrùn, wọ́n ní bó bá wù kó rí, àwọn máa gbé ọkọ̀ àwọn lọ kí Sabbath tó wọlé. Mo ṣíná sí i. Haa! Ẹ́ńjìnnì kọrin. Kò séèfín, kò sí jìgìjìgì. Dókítà tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n dì mọ́ mi tòun ti gíríìsì ara mi. Ọ̀gá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, wọ́n gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì láti títì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wọ́n gbé mi sókè bí ẹni gbé àpò gaàrí. Wọ́n ní, “Mo sọ fún yín! Ó kà á nínú ìwé!” Mo la ẹnu, mo ní, “Ọ̀gá, airflow yẹn...” Ta ló fẹ́ gbọ́? Dókítà ti wọnú ọkọ̀. Wọ́n yọ orí síta, wọ́n ní gáréèjì ilé ẹ̀kọ́ àwọn ń wá ọ̀dọ́ tó ní làákàyè, pé àwọn máa bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, pé wọ́n á tún rán mi lọ kọ́ṣẹ́ injection dáadáa. Ẹnu tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bá pa dé fúnra ẹ̀. Mo juwọ́ sí wọn. Mo ní ó di Sunday, màá lọ ṣàlàyé. Alájì ò sì ní í wá gbé ọkọ̀ ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé.

Alájì dé ní Sátidé, láàárọ̀ kùtù.

Bàbá Ràfíù ti lù ú, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. Alájì ṣíná. Èéfín dúdú. Ọkọ̀ ta jìgìjìgì dé ẹnu ọ̀nà, ó kú síbẹ̀. Ọ̀gá wo ọkọ̀, wọ́n wo Bàbá Ràfíù, wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn tó fọwọ́ kàn án, ó ní láti jẹ́ pé iná wẹ́dà tí Bàbá fi jó ara ọkọ̀ pọ̀ ló jó brain box. Bàbá ní àwọn yọ orí bátìrì kí àwọn tó tan iná, bí àwọn ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá ní Bàbá ti dàgbà, wọ́n ti gbàgbé ni. Bàbá pe Ọ̀gá lórúkọ, wọ́n ní, “Wàsíù, ojú mi ló ń ṣú, orí mi ò tíì ṣú.” Ọ̀gá bá yíjú sí mi, gbogbo èèyàn yíjú sí mi, Alájì pẹ̀lú fìlà ẹ̀. Ọ̀gá ní, “Pùròfẹ́sọ̀, ìwọ lo kàwé. Ṣé iná wẹ́dà lè jó brain box àbí kò lè jó o?”

Mo ní, “Ó lè jó o, sà.”

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ gan-an nìyẹn. Pípààrọ̀ airflow kọ́, ẹnikẹ́ni lè ṣe ìyẹn. Èsì tí mo fọ̀ yẹn ni. Ẹ sì wò ó o, kì í ṣe irọ́, wẹ́dà lè jó brain box ọkọ̀ téèyàn ò bá yọ bátìrì. Òótọ́ pọ́ńbélé ni mo fi pa Bàbá Ràfíù. Wọ́n wojú mi, wọ́n lọ jókòó.

Alájì ti tẹ̀ lé ọkọ̀ obì lọ sí òkè Ọya, ó máa lo bí oṣù kan kó tó dé, ó ní tóun bá dé, ọkọ̀ òun lòun fẹ́ bá, òun ò fẹ́ àlàyé. Ọ̀gá wá sọ lójú gbogbo wa pé tí ọkọ̀ yìí ò bá tíì dáa nígbà tí Alájì bá dé, Bàbá Ràfíù á tú àtíbàbà wọn kúrò lábẹ́ igi fúrútù yẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, Bàbá yìí ti wà lábẹ́ igi yẹn kí Ọ̀gá tó dé ibẹ̀. Àwọn ló fún Ọ̀gá láyè nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríídọ̀mù! Ní báyìí, àwọn oníbàárà Bàbá ti ń gbé ọkọ̀ wọn gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, ẹ má gbé iná yẹn sún mọ́ orí mi o, èyí tó kù níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi jẹun.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́.

Ẹ má rò pé mo kàn jókòó o. Mo ti lọ sí Lagos lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀, wọ́n ní àwọn kì í yọ airflow nìkan tà, odindi ẹ́ńjìnnì ni kí n rà. Mo wo ara mi láti òkè délẹ̀, èmi àti bàtà mi, mo bá padà sílé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wá ní kò burú, ìsìn Dókítà máa ń pẹ́, ọkọ̀ wọn á wà níta, màá yọ ti Alájì níbẹ̀, màá gbé ti wọn sí i. Mo yá ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo yọ àpótí tí kò dáa kúrò nínú ọkọ̀ Alájì sínú ọ̀rá, mo ki sípánà bọ àpò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ìyá kan tó ń gba àlejò já sí mi, wọ́n ní, “Àlejò wa, ẹ káàbọ̀, inú ni wọ́n wà o,” wọ́n fà mí lọ́wọ́, ó di ìjókòó iwájú. Dókítà rí mi, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú wọn. Wọ́n dìde, wọ́n sọ fún gbogbo ìjọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí Ọlọ́run lò fún àwọn rèé, kí n dìde kí wọ́n rí mi. Mo dìde... sípánà jábọ́ lápò mi sórí símẹ́ńtì, gbàlàǹgàgà! Dókítà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí ọmọ yìí sinmi, àmọ́ lónìí a ò ní í ṣiṣẹ́ o. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú mi lọ sílé lọ jẹun, oúnjẹ tí wọ́n ti sè sílẹ̀ láti Jímọ̀. Ìyàwó wọn ní láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dáa lòun ti ń sùn ní àsùnwọra tí ọkọ òun bá rìnrìn àjò. Ẹ̀rí ọkàn mi ń jà mí, ikùn mi ò dá sí i, abọ́ mẹ́ta ni mo jẹ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ ọ́ lẹ́yìn abọ́ mẹ́ta?

Mo dá àpótí tí kò dáa padà sínú ọkọ̀ Alájì, lójoojúmọ́ ni Ọ̀gá sì ń sọ pé kí n wo ọkọ̀ náà. Mo máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, màá fọwọ́ kan gbogbo ibi tó yẹ àti ibi tí kò yẹ, àfi àpótí yẹn. Màá mí kanlẹ̀. Màá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Tí mo bá sọ pé airflow ni, Ọ̀gá á ní ṣebí airflow náà ló ṣe ti Dókítà, kí n ṣe é bí mo ṣe ṣe tìyẹn. Báwo ni mo ṣe ṣe tìyẹn? Tí mo bá sọ fún Dókítà, iṣẹ́ gáréèjì ti lọ nìyẹn, ọkọ̀ wọn á sì tún padà di eléèéfín. Ìyá mi ti ń rán ṣòkòtò tí mo máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Ibi tí mo bá yíjú sí, ògiri ni.

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó kọjá, lọ́sàn-án, Bàbá Ràfíù wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ irin. Wọ́n jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ju bàbá tó bí mi lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n ní, “Pùròfẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Mo yọ orí bátìrì yẹn, Ọlọ́run rí mi. Tí èmi bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mo ti dàgbà. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́.” Ẹ. Wọ́n ń sọ ẹ fún mi. Èmi tí mo rọ ọ́ìlì sójú omi. Mo ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ẹ fún mi. Wọ́n rò pé mo ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni, wọ́n gbàdúrà fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé òòlù wọn ti ń dín kù. Ìlú Akaka ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n bá ti fẹ́ gun ọ̀kadà lọ sílé nírọ̀lẹ́, wọ́n á ki òòlù méjì sínú àpò. Méjì lónìí, méjì lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé wọ́n ti ń lọ. Èmi rí i.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, Ọ̀gá ni àbí Dókítà ni? Àbí Bàbá Ràfíù fúnra wọn, kí n dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n fi òòlù tó kù lù mí? Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí Alájì dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n sá lọ sí Lagos, mo ti rò ó, mi ò ní owó ọkọ̀ mọ́.

Nǹkan kan ṣì kù tí mi ò tíì sọ. Olóòtú, gbogbo ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yín bá jáde ni Ọ̀gá máa ń rà á. Wọn ò lè kà á dáadáa, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ò lè kà á. Tá a bá ti jẹun ọ̀sán tán, gbogbo wa máa ń jókòó sábẹ́ igi fúrútù, èmi ni mo máa ń ka ojú ewé yìí sókè fún wọn. Bàbá Ràfíù á fi òòlù sílẹ̀ torí pé ojú ewé tí wọ́n fẹ́ràn jù nìyí, àwọn ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá ẹjọ́ oníjẹ̀ẹ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ lẹ́tà yìí, èmi ni mo máa kà á. Mi ò ní í fo ìlà kankan, mo ti búra fún ara mi, mo kàn ń bẹ̀rù pé ohùn mi lè máà bá mi dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi tẹ ìmọ̀ràn yín sí abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kó má lọ jẹ́ pé mo kà á dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi parí sí, tí gbogbo wọn á máa wò mí, tí kò ní í sí nǹkan kan nínú ìwé tí mo tún lè máa kà.